Fatai Rolling Dollar: Ọmọ Ẹdẹ tí Gìtá Rẹ̀ Kò Darúgbó

Bí a bá ń ka àwọn iṣẹ́ tí òbí Yorùbá kì í fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹni tí ó fẹ́ di àna wọn, iṣẹ́ orin kò ní gbẹ́yìn. A óò bi ọ̀dọ́mọkùnrin léèrè pé, "Iṣẹ́ wo ni o ń ṣe?" Bí ó bá dáhùn pé gìtá ni òun ń ta, ojú ìyá yóò fà ro, bàbá yóò sì wú ikọ́. Alágbe ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe olórin. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ, tí ó fẹ́ gbéyàwó, tàbí tí ó fẹ́ sin òkú àgbà, tí kì í wá alágbe yìí kàn. A fẹ́ràn orin, ṣùgbọ́n a kì í fẹ́ kí olórin sùn sí ilé wa.

Nítorí náà ni a ṣe mú ìtàn àgbà olórin kan wá fún yín lóṣù yìí. Fatai Ọláyíwọlá Ọlágúnjú ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Fatai Rolling Dollar ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Ó lókìkí nígbà èwe, ayé gbàgbé rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì tún padà gba ìwájú nígbà tí ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ẹ̀kọ́ pọ̀ nínú rẹ̀ fún ẹni tí ó ń tọ́ ọmọ, àti fún ẹni tí ó ní òbí àgbà nílé.

ILẸ̀ TÍ Ó BÍ I

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Òṣogbo lọ sí Ogbómọ̀ṣọ́ kò ní pẹ́ kan Ìlobùú àti Ifọ́n-Ọ̀ṣun. Ìlobùú ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, Ifọ́n sì ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Oròlú. Erinlẹ̀ ni òrìṣà tí a mọ Ìlobùú mọ́. Ní Ifọ́n ẹ̀wẹ̀, Olúfọ́n ni ọba wọn, òrìṣà funfun sì ni ti ìlú náà. Orin kò jìnnà sí ẹnu àwọn ènìyàn ibẹ̀. Ìlù dùndún ń ki ọba lójúmọ́ ọdún, àwọn ìyá àgbà ń ki òrìṣà, ìyàwó tuntun ìgbà àtijọ́ sì ń sun ẹkún ìyàwó kí ó tó kúrò nílé bàbá rẹ̀.

Odò Erinlẹ̀ tí Ìlobùú ń bọlá fún kò dúró sí Ìlobùú. Ó ń ṣàn lọ sí ìhà gúúsù títí ó fi dé ẹ̀bá Ẹdẹ, níbi tí ìjọba ti sé e láti fi pèsè omi ẹ̀rọ fún àwọn ìlú agbègbè náà, kí ó tó lọ dàpọ̀ mọ́ odò Ọ̀ṣun. Ní Ẹdẹ yìí ni a bí Fatai, ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù keje ọdún 1927.

Ẹdẹ kì í ṣe ìlú tí ó ń fi ojú tín-ín-rín wo onílù. Ọba John Adétóyèṣe Láoyè, tí ó jẹ Tìmì láti ọdún 1946 títí di ọdún 1975, mọ ìlù lù fúnra rẹ̀. Kábíyèsí náà kọ àkọsílẹ̀ nípa oríṣiríṣi ìlù Yorùbá, ó sì kó àwọn onílù ààfin jọ tí wọ́n ń ṣeré fún àlejò láti ilẹ̀ òkèèrè. Bí ọba bá lè mú ọ̀pá ìlù lọ́wọ́ láìsí ìtìjú, a jẹ́ pé kì í ṣe iṣẹ́ orin fúnra rẹ̀ ni ó ń bu ènìyàn kù.

BÍ GÌTÁ ṢE DI TIWA

Gìtá kì í ṣe ohun èlò ilẹ̀ wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Ojú omi ni ó gbà dé. Àwọn Kúrù, ará Làìbéríà tí ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun, wà lára àwọn tí ó mú un káàkiri etíkun, láti Sàró dé Gánà àti Èkó. Wọ́n ní ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń ta á: àtàǹpàkò ń ta okùn tí ohùn rẹ̀ wúwo, ìka tí ó tẹ̀lé e sì ń ta okùn tí ohùn rẹ̀ tínrín. Ìka méjì péré, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá dijú, yóò rò pé àwọn méjì ni ó ń ta gìtá. Ìdí ẹmu ni irú orin bẹ́ẹ̀ ti gbilẹ̀, níbi tí òṣìṣẹ́ ti ń sinmi ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí ọdún 1930 ń sún mọ́lé, ẹ̀rọ ti ń gba ohùn àwọn ọmọ Yorùbá tí ó ń ta gìtá sílẹ̀ sínú àwo. Ìrèwọlédé Denge wà lára wọn. Láàrin ọdún 1930 sí 1939 ni Túndé King gbé orin tí a wá ń pè ní jùjú jáde ní Èkó.

Ẹ má ṣe rò pé ó rọrùn láti fi gìtá kọ orin Yorùbá. Èdè wa ní òkè, ó ní àárín, ó sì ní ìsàlẹ̀. Ọkọ kì í ṣe ọkọ́, ọkọ́ kì í sì í ṣe ọkọ̀. Bí orin bá lọ sókè níbi tí ọ̀rọ̀ ti wà ní àárín, ìyàwó tí ó fẹ́ yin ọkọ rẹ̀ yóò ṣe bí ẹni tí ó ń yin ohun tí a fi ń kọ ebè. Nítorí náà, ohùn ọ̀rọ̀ ni ó ń ṣíwájú, orin ń tẹ̀lé e. Atagìtá tí ó gbóná ń mú kí okùn sọ̀rọ̀ bí ìyá ìlù, tó bẹ́ẹ̀ tí àgbà yóò fi gbọ́ òwe nínú rẹ̀ kí olórin tó la ẹnu.

Fatai mọ èyí dáradára. Kì í ṣe gìtá nìkan ni ó mọ̀; ó ń lo agídìgbo pẹ̀lú. Àpótí onígi ni agídìgbo, irin pẹlẹbẹ tí ó gùn jura wọn lọ ni a tò sí ojú rẹ̀, ìka ni a fi ń ta á. Ó bá J. O. Araba ṣeré láàrin ọdún 1950 sí 1959, ọkùnrin tí ó jẹ́ ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú orin agídìgbo tí ó sì pe ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Rhythm Blues. Orúkọ yìí fi hàn wá pé àwọn ọmọ Èkó ìgbà náà ń gbọ́ ohun tí àwọn ènìyàn dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń kọ, wọ́n sì mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ kan náà ni.

ÀWO KÉKERÉ, Ọ̀RỌ̀ ŃLÁ

Ní ọdún 1957, nígbà tí ó di ẹni ọgbọ̀n ọdún, Fatai dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹni mẹ́jọ ni wọ́n, wọ́n sì ń gba orin sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ Philips. Àwo kékeré ni wọ́n ń ṣe nígbà náà, irú èyí tí àwọn ìyá wa ń tò sí ẹ̀gbẹ́ giramofóònù, tí ojú kan rẹ̀ kì í ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Láàrin ìṣẹ́jú mẹ́ta yìí ni olórin gbọ́dọ̀ kí àwọn tí ó ń gbọ́ ọ, kí ó pa òwe, kí ó gba ènìyàn níyànjú, kí ó sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ jó. Kò sí àyè fún ìranù.

Ilé Fatai tún jẹ́ ilé ẹ̀kọ́. Ebenezer Obey, tí a bí ní Ìdógò ní ọdún 1942, kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ kí ó tó dá ẹgbẹ́ International Brothers sílẹ̀ ní ọdún 1964. Orlando Owoh pàápàá, tí ó di ọ̀gá nínú orin tirẹ̀ lẹ́yìn náà, gba abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ẹni tí ó bá jó sí orin àwọn méjì yìí ní ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ ti jẹ nínú oúnjẹ tí Fatai sè, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ alásè.

NÍGBÀ TÍ ILÉ DÁKẸ́

Ayé ń yí. Ogun abẹ́lé jà láti ọdún 1967 títí di ọdún 1970. Lẹ́yìn ogun, owó epo rọ̀bì dé, àríyá ńlá dé, gìtá oníná mẹ́ta tàbí mẹ́rin wà nínú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, àwo ńlá sì gba ipò àwo kékeré. Ẹni tí ó ń fi ìka méjì ta gìtá ní ìrọ̀rùn kò rí ẹni pè é mọ́. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ di ọ̀gá, ohùn Fatai sì pòórá lórí asọ̀rọ̀mágbèsì.

Kì í ṣe òun nìkan ni èyí ṣẹlẹ̀ sí. Ọ̀pọ̀ olórin ìgbà náà ni ilé iṣẹ́ àwo san owó fún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí wọ́n sì bọ́ síta pẹ̀lú owó tí kò tó ra ohun èlò tuntun. Àwo ń tà, ilé iṣẹ́ ń jèrè, olórin ń wo. Kò sí owó ìfẹ̀yìntì fún atagìtá. Bí ara bá ti dẹ̀, tí ìpè kò sì wá mọ́, ilé ni ìyà náà ń bọ̀, ìyàwó rẹ̀ sì ni yóò máa ronú ohun tí yóò wọ inú ìkòkò.

Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Gbogbo wa ni a jẹ́ ọmọ fún olórin tí ó dá wa lára yá. Ta ni nínú wa tí ó rántí fún un ní ọmú mu?

ÌPADÀBỌ̀ ARÚGBÓ

Ní Ìkòyí ní Èkó, ilé ìtàwé àti ìtàwo kan wà tí ń jẹ́ Jazzhole. Kunle Tejuoso tí ó ni ín jẹ́ ẹni tí ó fẹ́ràn orin àtijọ́. Ó ń wá àwọn àgbà olórin tí ayé ti gbàgbé, ó kó wọn jọ sí ẹgbẹ́ kan tí a pè ní Fàájì Àgbà, ó sì tún gba ohùn wọn sílẹ̀. Àwo Fatai Rolling Dollar tí a pe orúkọ rẹ̀ ní Returns jáde ní ọdún 2004, nígbà tí bàbá fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin.

Orin rẹ̀ tí a mọ̀ sí Won Kere Si Number wá gba ìlú kan. Àwọn ọmọ tí a kò tí ì bí nígbà tí ogun abẹ́lé parí ni ó ń jó o. Bàbá yìí kì í jókòó kọrin bí aláìlera. Ó ń jó, ó ń fò, ó sì ń dá àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Ó kú ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà ọdún 2013, ní ẹni ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún. Obìnrin kan, Remi Vaughan-Richards, ni ó ṣe fíìmù nípa òun àti àwọn àgbà ẹgbẹ́ rẹ̀. Fàájì Àgbà ni ó pe fíìmù náà, ọdún 2015 ni ó sì jáde, nígbà tí bàbá ti wà lábẹ́ ilẹ̀.

Ọ̀NÀ JÍNJÌN, ÌTÀN KAN NÁÀ

Ìtàn yìí ní ìbejì ní òkè òkun. Ní gúúsù ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ àwọn tí a kó lẹ́rú láti ilẹ̀ wa ni ó dá orin blues sílẹ̀, orin ìbànújẹ́ àti ìtùnú tí wọ́n ń kọ nínú oko òwú àti ní àgbàlá. Ẹ jẹ́ kí inú wa dùn láti gbọ́ pé obìnrin ni ẹni dúdú àkọ́kọ́ tí a gba orin blues rẹ̀ sínú àwo: Mamie Smith, ní ọdún 1920.

Àgbẹ̀ kan wà ní abúlé Avalon ní Mississippi tí ń jẹ́ John Hurt. Ó gba orin sílẹ̀ ní ọdún 1928, ṣùgbọ́n nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dojú dé, kò sí ẹni tí ó tún béèrè rẹ̀, ó sì padà sídìí oko. Ọdún márùndínlógójì kọjá. Orin tí ó ti dárúkọ abúlé rẹ̀ ni ó ṣe amọ̀nà fún ẹni tí ó wá a rí ní ọdún 1963. Ọdún mẹ́ta péré ni ó fi gbádùn ìyìn kí ó tó kú ní ọdún 1966. Àwa Yorùbá tí a kì í kọrin kí a má dárúkọ ìlú bàbá wa, ó yẹ kí ìtàn yìí yé wa.

Ṣùgbọ́n ìtàn Elizabeth Cotten ni ó kan ẹ̀yin ìyàwó jù lọ. Ìpínlẹ̀ North Carolina ni a bí i sí. Láti kékeré ni ó ti ń ṣiṣẹ́ nílé onílé, owó tí ó gbà ni ó sì fi ra gìtá. Ọwọ́ òsì ni ó ń lò, kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ, nítorí náà ó dorí gìtá kodò ó sì ń ta á bẹ́ẹ̀. Kò tí ì pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá tí ó fi ṣe orin Freight Train. Ó lọ sílé ọkọ, ó bí ọmọbìnrin kan, àwọn ará ìjọ sì sọ fún un pé orin ayé kò yẹ onígbàgbọ́. Ó gbé gìtá jù sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní Washington, nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ nílé ìdílé Seeger tí wọ́n jẹ́ olórin, ó rí gìtá tí a fi kọ́ ara ògiri, ó mú un, ìka rẹ̀ sì rántí. Àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1958, ó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún. Ó gba ẹ̀bùn Grammy ní ọdún 1985, ó sì kú ní ọdún 1987. Ẹ ronú sí i: mélòó nínú wa ni ó ti gbé ẹ̀bùn tirẹ̀ kọ́ ara ògiri láti ọjọ́ ìgbéyàwó?

OHUN TÍ Ó KÀN WÁ

Ẹ̀kọ́ kìíní ni pé kí a má ṣe pa ẹ̀bùn ọmọ, kí a má sì ṣe fi ẹ̀bùn nìkan sílẹ̀ fún un. I. K. Dairo, olórin jùjú tí ìdílé rẹ̀ ti Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà wá, jẹ́ ọmọ ọdún méje nígbà tí bàbá rẹ̀ gbẹ́ ìlù fún un. Bàbá kan náà ni ó kọ́ ọ ní iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà. Ní ọdún 1963, ọmọ náà gba oyè MBE lọ́wọ́ ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ọmọ bá ń fi ṣíbí lu abọ́ kiri ilé, ẹ má ṣe fi ẹgba nìkan dá a lóhùn. Ẹ jẹ́ kí ó kọ́ ìlù, kí ó kàwé, kí ó sì ní iṣẹ́ ọwọ́.

Ẹ̀kọ́ kejì jẹ mọ́ ìwé àdéhùn. Bí ọkọ rẹ tàbí ọmọ rẹ bá ń kọrin, má jẹ́ kí ó tọwọ́ bọ ìwé tí ẹnì kan kò kà yé e. Béèrè pé ta ni yóò ni orin náà, kí ni ìpín olórin nínú iye tí a bá tà, àti ọdún mélòó ni àdéhùn náà yóò fi gbéṣẹ́. Fi ẹ̀dà ìwé náà pamọ́ bí o ti ń fi ìwé ilẹ̀ pamọ́. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà fún ẹni tí ó ṣe orin ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, àti fún àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ọdún tí ó kú. Èyí ni pé orin tí Fatai ṣe fúnra rẹ̀ kò ní bọ́ sí ọwọ́ gbogbo ayé títí ọdún 2083 yóò fi parí. Ogún ni orin. Ìyàwó àti ọmọ lè jẹ ẹ́, bí olóògbé kò bá ti tà á dànù.

Ẹ̀kọ́ kẹta ni èyí tí ó ń kánjú jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, aáwọ̀ lórí ilẹ̀ láàrin Ìlobùú, Ifọ́n àti Ẹrin-Ọ̀ṣun di ìjà. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé jóná, ìjọba ìpínlẹ̀ sì fi òfin kónílé-ó-gbélé lélẹ̀. Nígbà tí iná bá jó ilé, ènìyàn máa ń ka bẹ́ẹ̀dì àti ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán tí ó jóná. Ta ni í ka àwòrán ìgbéyàwó ìyá àgbà, tàbí àpótí àwo tí bàbá àgbà fi ọ̀pọ̀ ọdún tò jọ? Èyí tí kò sí nínú àwo rárá, tí ó jẹ́ inú ọpọlọ arúgbó nìkan ni ó wà, kò nílò iná kí ó tó parun. Bí a bá ti sin onítọ̀hún, ó tán. Àwọn ìyá ìlú méjèèjì ti ń fẹ́ ọmọ ara wọn tipẹ́. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ará Ifọ́n tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Ìlobùú, oríkì ìhà méjèèjì ni ó jẹ́ tirẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ láti kékeré yóò ronú lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó gbé òkúta.

Ẹ̀rọ alágbèéká tí ó wà lọ́wọ́ yín lè gba ohùn sílẹ̀ ju ẹ̀rọ tí ó gba ohùn Fatai ní ọdún 1957 lọ. Ní ọjọ́ ìsinmi, ẹ jókòó ti ìyá ọkọ yín níbi tí ariwo kò sí. Ẹ ní kí ó sọ orúkọ rẹ̀, ìlú rẹ̀, àti ẹni tí ó kọ́ ọ ní orin náà. Ẹ jẹ́ kí ó kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ má ṣe já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí kò yé yín. Ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ẹbí tí ó wà ní ìlú mìíràn, kí ó má baà jẹ́ ibì kan ṣoṣo ni ó wà. Bí ìyá bá ti kọ orin tán, ẹ má ṣe dìde láìfún un ní ohun tí yóò fi ra obì.

Fatai Rolling Dollar rí ìyìn gbà nígbà tí etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ àgbà tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ kò rí i gbà. Àwọn tí ó ṣẹ́ kù wà ní àárín wa, ní Ẹdẹ, ní Ìlobùú, ní Ifọ́n, àti bóyá ní yàrá tí ó kángun sí ti yín. Ẹ kan ilẹ̀kùn.